Ṣé omi lè sọ akọ ẹja di abo lóòótọ́?

Àrọ̀ Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ja. Omi odò kékeré kan ni mò ń fà sínú pọ́ńdù mi, odò ọ̀hún sì ń gba ẹ̀yìn ilé àwọn èèyàn kọjá, omi balùwẹ̀ àti ṣáláńgá wọn ló ń wọ inú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì rèé tí ẹyin àrọ̀ mi ò pa dáadáa, ọ̀rẹ́ mi kan wá ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó ń bá ìtọ̀ àwọn obìnrin wọ odò ló sọ akọ mi di abo. Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ Báyọ́: Ẹ má rẹ́rìn-ín o bọ̀dá. Wọ́n ti dán an wò ní Kánádà, nínú adágún kan ní Ontario tí wọ́n ń pè ní Lake 260. Láti 2001 sí 2003 wọ́n ń da họ́móònù inú oògùn yẹn sí i, nánógíráàmù 5 sí 6 péré nínú lítà omi kan, nǹkan tójú ò lè rí. Ẹja wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀, fathead minnow, àwọn akọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà pupa ẹyin bí abo, wọ́n tún bá ẹyin nínú ẹpọ̀n àwọn kan! Kò pẹ́ tí ẹja yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, torí ẹ̀mí wọn ò gùn, ọdún méjì mẹ́ta tí wọn ò bá ti bímọ ó parí nìyẹn. Ẹja ńlá tó ń jẹ wọ́n náà dínkù, ebi ni. Ìgbà tí wọ́n ṣíwọ́ kẹ́míkà yẹn ni wọ́n tó padà pọ̀.

Ìyá Elépìyà: Kí ló wá yà yín lẹ́nu, ṣebí àwa náà ń ṣe é? Àwọn tó ń sin epìyà máa ń po họ́móònù akọ mọ́ oúnjẹ ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, kí gbogbo ẹ̀ lè di akọ torí akọ ló ń tètè tóbi. Tó bá ti dàgbà tán, ó ti bọ́, họ́móònù yẹn ò ní lè sọ ọ́ di akọ mọ́. Àmọ́ ìwọ Àrọ̀, ṣé o wo àpò àtọ̀ akọ tó o pa láti fi àtọ̀ ẹ̀ po ẹyin abo? Ṣé ó funfun, ó kún?

Àrọ̀ Ìkòròdú: Ó tín-ín-rín mà, bí okùn.

Ìyá Elépìyà: Oṣù mélòó ni ẹja ọ̀hún?

Àrọ̀ Ìkòròdú: Bí oṣù mẹ́fà.

Ìyá Elépìyà: Haà! Ọmọdé lo pa. Wá akọ tó ti pé ọdún kan, fi omi kànga pa ẹyin, kó o tó máa bá àwọn obìnrin ẹ̀yìn ilé jà.

Ọmọ Báyọ́: 😂😂 Mà, ẹ ò dáa. Ṣùgbọ́n bọ̀dá, ẹ ṣì fi odò yẹn sílẹ̀ o, omi ṣáláńgá nìkan tó láti ba ẹyin jẹ́.