Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: olùkọ́ ní ọmọ mi kò mọ nọ́ńbà rational

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Inú ń bí mi gidigidi. Ọmọbìnrin mi tí ó wà ní JSS 3 mú iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò bọ̀ lánàá, olùkọ́ sì ti fi bírò pupa fa ìlà gbọọrọ lé ìdáhùn rẹ̀ kan lórí. Wọ́n ní kí wọ́n ya àwọn nọ́ńbà rational sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn irrational. Inú ìwé wọn gan-an ni a ti kà á pé irrational ni èyí tí dẹ́símà rẹ̀ kì í tán, tí kì í sì í tún ara rẹ̀ kà, ohun tí ọmọ náà tẹ̀ lé nìyẹn. Olùkọ́ yìí kan náà ni ó máa ń pẹ́ dé kíláàsì, òun náà ni ó ní kí a ra ìwé mìíràn láàárín táàmù. Ṣé kí n lọ bá ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni?

Bàbá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Nọ́ńbà wo ni? Ẹ kò sọ ọ́.

Àdùkẹ́: Ó dá mi lójú pé páì ni. Nígbà tí mo wà ní girama, 22/7 ni wọ́n kọ́ wa pé páì jẹ́. Mo kọ ọ́ pé rational ni, wọ́n sì nà mí. Ìdá ni 22/7 kúkú jẹ́!

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Rational ni 22/7, nítorí odidi nọ́ńbà ni a fi pín odidi nọ́ńbà, dẹ́símà rẹ̀ sì ń ka 142857 ní àkàtúnkà. Páì ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: 3.14159, kò sì sí ìdá kankan tí ó bá a mu régí. Johann Lambert, onímọ̀ ìṣirò, ti fi ìdí èyí múlẹ̀ láti ọdún 1761. Bí ìdánwò bá ní kí ẹ fi 22/7 ṣe páì, ohun tí ó sún mọ́ ọn ni wọ́n fún yín.

Bàbá Ìbejì: Ó lè jẹ́ √ ni. Nọ́ńbà tí àmì yẹn bá ti wà lórí rẹ̀, irrational ni.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì: Rárá o, bàbá. √2 kò ṣe é kọ ní ìdá, ṣùgbọ́n 4 ni √16, 0.5 sì ni √0.25. Ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò ná.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́: Kì í ṣe páì, kò sì ní àmì kankan. 1/17 ni. Ọmọ náà ti kọ́kọ́ kọ rational, èmi ni mo ní kí ó pa á rẹ́, nítorí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò, ohun tí ó sì gbé jáde ni 0.0588235294. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lójú yóò rí i pé kò sí àtúnkà níbẹ̀. Èmi náà kàwé o.

Àdùkẹ́: Háà! Ẹ̀yin lẹ ní kí ó pa á rẹ́, olùkọ́ lẹ wá fẹ́ lọ fi sùn?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì: Ẹ rọra, Àdùkẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà ni kò gùn tó. Bí ẹ bá ń fi 17 pín nǹkan lórí ìwé, tí ìpín náà kò sì tán, àárín 1 sí 16 ni àṣẹ́kù yín yóò máa wà. Nítorí náà, bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ padà wá, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀ yóò sì tún tẹ̀ lé e. Ti 1/17 ni 0588235294117647, lẹ́yìn náà ni 0588 tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tilẹ̀ nílò èyí: ìdá tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ti tó ìdáhùn.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́: Mo gbọ́, sà. Ti ìwé tí ó ní kí a rà láàárín táàmù ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Ìyẹn yàtọ̀, ìyá wa. Ẹ lè lọ béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má mú iṣẹ́ àṣetiléwá yẹn dání.