Ọ̀rọ̀ sítátà mi ti yanjú o

Ẹ ṣeun gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn. Mo bèèrè bóyá sítátà (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnì kó lè dìde) ti ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù lè ṣiṣẹ́ lára ẹ́ńjìnì dísù, torí pé ihò nọ́ọ̀tì wọn bára mu. Kò lè ṣe é. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ títí tó fi gbóná janjan ló ń tan epo rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó le láti yí. Agbára sítátà pẹtiróòlù sábà máa ń jẹ́ bíi kìlówáàtì 1, ti dísù a tó 2. Èyí tó kéré á kàn máa kérora ni, kó tó jóná. Mo ti de ojúlówó ti dísù mọ́ ọn, mo sì pààrọ̀ wáyà bátìrì sí èyí tó nípọn (ẹ má fojú kéré wáyà). Ó ti ń dáhùn wàyí.