Ṣé kí ọmọ inú ìtàn mi máa sọ èdè Èkìtì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé. Tíṣà ni mí l'Ádó-Èkìtì. Òru ni mo ń kọ̀wé, lórí fóònù. Suzanne Collins, ẹni tó kọ ìwé The Hunger Games, ní ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n àti ìròyìn ogun ló bí ìtàn tòun. Tèmi, omi Ìkọ́gòsí ni, níbi tí gbígbóná ti ń pàdé tútù. Nínú ìtàn mi, ìjọba ti mọ ògiri sáàárín wọn, wọ́n so mítà mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń pọnmi. Ọmọbìnrin ọdún 16 kan já tirẹ̀ sọnù. (Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn jù!)

Èdè Èkìtì ló ń sọ, àwọn aláṣẹ ń sọ Yorùbá ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ní yé ará Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tẹ̀wé jáde, ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbí ẹnu ìyá àgbà nìkan ni kí n fi í mọ?