Ìgbẹ́ jíjò yàtọ̀ sí ìgbẹ́ àkúnwọ́sílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín láti Òṣogbo. Mo rí àbá tí ẹ mú wá, pé ká máa pe àìsàn Hirschsprung ní "ìfun òkú" nínú ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àwọn ìyá. N kò fara mọ́ ọn. Ìfun yẹn kò kú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa sọ fún un pé kó dẹ̀ kí ìgbẹ́ kọjá ni kò sí níbẹ̀ láti inú oyún. Ó wá fún pọ̀ ṣáá, èyí tó wà lókè rẹ̀ sì ń wú. Ìyá tó bá gbọ́ "òkú" á rò pé inú ọmọ òun ti ń jẹrà. "Ìfun aláìdẹ̀" ni tèmi. "Ìfun aláìníṣan" náà kò dáa, torí ohun tó gbé ẹ̀jẹ̀ là ń pè ní iṣan, ohun tó ń mú apá gbé nǹkan náà ni, ìfun yìí sì ní méjèèjì.

Àmọ́ ohun tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á gé ìfun aláìdẹ̀ kúrò, wọ́n á fa èyí tó dáa wálẹ̀ dé ihò ìdí, ọmọ á sì máa dàgbà. Síbẹ̀, àwọn kan á pé ọdún 4 tàbí 5, ìgbẹ́ á ṣì máa ba pátá wọn jẹ́. "Àìlèmúgbẹ́dúró" lẹ pe gbogbo rẹ̀. Ohun méjì ló wà níbẹ̀, ìtọ́jú wọn sì lòdì síra.

Ẹ wo àmù méjì. Ọ̀kan kún, omi ń ṣàn gba etí rẹ̀. Èkejì ya nídìí, kò lè gba omi dúró. Ọmọ ti àkọ́kọ́, ìgbẹ́ líle ló dí i: ẹ bá fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá òsì, ẹ máa ń bá kókó níbẹ̀, ìgbẹ́ olómi sì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kókó náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́. Oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ló nílò. Ikùn ọmọ kejì rọ̀, ìfun rẹ̀ ṣófo; oògùn tó ń mú ìgbẹ́ ki ni dókítà lè fún un. Bí ìyá bá fi ti ẹnì kejì tọ́jú ẹni àkọ́kọ́, ó ti dí àmù tó kún pa nìyẹn. Torí náà, "ìgbẹ́ àkúnwọ́sílẹ̀" fún ti àkọ́kọ́, "ìgbẹ́ jíjò" fún èkejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "fífọ inú" kúrò pẹ̀lú. Ní Ọjà Ọba, àgbo ni wọ́n á tà fún ẹni tó bá fẹ́ fọ inú. Ẹ kọ "fífi rọ́bà fọ ìfun láti ìdí", kí ẹ sì fi kún un pé omi oníyọ̀ ilé ìwòsàn ni, mílílítà 10 sí 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá ti kọ́ ìyá. Omi lásán kò ṣeé lò: ara ọmọ á fà á mu, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀.

Ó ku "inú rírun" tí ẹ kọ fún ibà, ikùn wíwú àti ìgbẹ́ olómi rírùn tó ń tú jáde lójijì. Ọ̀rọ̀ yẹn fúyẹ́ jù, ṣọ́ọ̀bù oògùn ló máa rán ìyá lọ. Àìsàn yìí ń pa ọmọ, iṣẹ́ abẹ kò sì ní kó má padà wá. "Ìfun gbígbiná" ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: ilé ìwòsàn, lọ́jọ́ náà gan-an.