Àjọjẹ́ ni, kì í ṣe ẹrù-àpọ̀jù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu dábàá pé ká pe "overloading" ní "ẹrù-àpọ̀jù" ní Yorùbá, ìyẹn nígbà tí fọ́ńṣọ̀n (apá ètò kọ̀ǹpútà tó ní orúkọ tí a fi ń pè é) méjì mẹ́ta bá ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé irú ohun tí a fà lé wọn lọ́wọ́ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. "Surcharge", ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ní Àjàṣẹ́ ló fà á, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún takisí tó kó ẹrù jù. Kò sóhun tó wúwo níbí. Orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́, bí ìgbà téèyàn pe "Táyé!" lọ́jà, tí mẹ́rin dáhùn. Àjọjẹ́ ni mo pè é.

Ó wá ku bí a ó ṣe mọ Táyé tí à ń pè. C++, èdè ètò kọ̀ǹpútà kan, ti mọ̀ ọ́n kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Python, èdè ètò míì, kò ní àjọjẹ́ ní tirẹ̀: ẹ kọ def ka (bí a ṣe ń dá fọ́ńṣọ̀n tó ń jẹ́ ka sílẹ̀) lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á pa èkíní rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ewé (kóòdù tó di C++ fún Python bí ewé ṣe ń di ẹ̀kọ, a ti fẹnu kò lórí ìyẹn) fi ní láti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa yẹ irú wò bí ìpè bá ṣe ń dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni pybind11 (irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe ewé fún Python) ń yí àwọn tó jọ ń jẹ́ orúkọ náà wò. Ní ìyípo àkọ́kọ́, kò gbà ká sọ irú kan di òmíràn. Ní ìkejì, ó gbà. Bí a ṣe tò wọ́n sílẹ̀ ló ṣe ń bi wọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló gbé e.

Ẹ wo ka(int) àti ka(bool) (int ni nọ́ńbà odidi, bool ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyẹn True tàbí False), ká ní int la kọ ṣáájú. Ẹ pe ka(True): int ló máa dáhùn, torí pé ọmọ int ni bool nínú Python. Ẹ ò ní rí àṣìṣe kankan, èsì nìkan ló máa ṣì. Ẹ kọ bool ṣáájú, ó bùṣe: bool ò ní gba 3 ní ìyípo àkọ́kọ́, 3 á kọjá sọ́dọ̀ int.

Ti Lua (èdè ètò míì) tó ṣáájú ẹ̀dà 5.3 ló le jù. Irú nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ní, kò sí bí ewé ṣe máa mọ int yàtọ̀ sí double (nọ́ńbà oní-dẹ́símà). SWIG, irinṣẹ́ míì tó ń ṣe ewé, á kìlọ̀, á sì pa ọ̀kan tì. Kí ẹ fi àṣẹ rẹ̀, %rename, fún ọ̀kan lórúkọ míì ló kù.

"Ìyanjú" tí ará Ṣábẹ̀ẹ́ fi pe yíyàn ẹni tó máa dáhùn kò bá a mu, kò síjà níbẹ̀. "Ìdámọ̀" ni. Àbùkù tèmi náà rèé: ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i, àjọjẹ́ á di àjọjẹ, oúnjẹ ni wọ́n á máa retí. Bí ìyẹn bá ń kọ yín lóminú, ẹ lo "àjọjórúkọ". Ó kàn gùn díẹ̀ ni.