Mo fẹ́ ra single malt fún bàbá ìyàwó mi: èwo ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn ẹ̀dínwó yìí?

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́ (Ọbáńtokò)

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Bàbá ìyàwó mi á pé ẹni 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Iṣẹ́ epo rọ̀bì ni wọ́n ṣe ní Aberdeen kí wọ́n tó padà wá kọ́lé sí Aṣero, wísíkì tí wọ́n ń pè ní single malt sì ni ọtí tí wọ́n mọ̀. Èmi tí mò ń bèèrè, bíà tútù ni mo mọ̀. Owó ọwọ́ mi kò ju ₦120,000 lọ, n kò sì fẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò lójú àlejò kí wọ́n gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

Mo ti káàkiri. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ń ta Glenfiddich 12, ìgò 70cl, ní ₦82,000. Wọ́n kọ ₦110,000 sí i tẹ́lẹ̀, wọ́n wá fi bírò pupa fagi lé e. Arábìnrin kan lórí WhatsApp láti Èkó ní Glenlivet 12, ìgò lítà kan, ₦105,000. Ó ní ẹnìkan ló gbé e ti pápákọ̀ òfúrufú bọ̀. Ẹ̀kẹta ni ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Kútọ̀ tó fi Macallan 18 hàn mí ní ₦95,000, kò ní páálí. Ó ní ojú mi ló wò.

Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù Pánṣẹ́kẹ́ tún ní kí n kúkú mú Black Label, pé single malt kan náà ni, ṣebí "12" wà lára méjèèjì. Ó ní Glenfiddich àwọn sì ti lo ọdún márùn-ún lórí pẹpẹ, pé ó ti di 17 báyìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Ọmọ Abẹ́ Olúmọ

₦120,000 lórí ìgò kan! Ẹ fi kún un díẹ̀, ẹ fa àgbò lọ bá bàbá, kí gbogbo wa jẹ níbẹ̀.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti gba àgbò, sà. Ọtí ni wọ́n pín fún mi.

Bàbá Oníbáà

Mo dúró sẹ́yìn káńtà ní báà òtẹ́ẹ̀lì fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ yẹn, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún tí ẹ rí lára ìgò wísíkì, inú àgbá igi ló ti lò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti dúró. Ẹ gbé e pamọ́ títí ọmọ yín á fi gboyè yunifásítì, 12 náà ni. Ohun kan tí pẹpẹ lè fi kún un ni oòrùn, ìyẹn sì ń bà á jẹ́ ni. Bí ìgò bá wà níbi tí oòrùn ọ̀sán Abẹ́òkúta ti ń wọlé bá a, ẹ má mú un.

Black Label kì í ṣe single malt. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀ o, ọtí gidi ni, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ ni: malt láti oríṣiríṣi ilé ìpọntí, tí wọ́n da wísíkì ọkà mìíràn mọ́. Ti single malt, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló ti wá. Ọkà báálì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí á fi hù, èyí tó hù yẹn ni malt, bí àwọn ìyá wa ṣe ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó fi ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á wá sè é nínú ìkòkò bàbà, kí wọ́n fi oru rẹ̀ gba ọtí, ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń se ògógóró ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ohun tó kù ni sùúrù: òfin wọn kò gbà kí wọ́n pè é ní Scotch, ìyẹn wísíkì ilẹ̀ Scotland, àfi tó bá lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta nínú àgbá igi óàkù ní Scotland, agbára rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 40%.

"Single" yẹn kì í ṣe àgbá kan. Ọ̀pọ̀ àgbá ni wọ́n ń pò, èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ni "12" ń sọ.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Aṣọ ni mò ń tà, n kò fi ọtí kan ẹnu. Ṣùgbọ́n mo mọ iye tí wọ́n ń fagi lé, nítorí àwa náà ń ṣe é, kí Ọlọ́run foríjì wá. Ta ló ra ìgò yẹn ní ₦110,000 rí? Ẹ má fi ₦82,000 wé iye tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ. Ẹ fi wé ti ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mìíràn. Bí wọ́n bá ń tà á ní ₦84,000 níbẹ̀, ẹ̀dínwó ₦2,000 lẹ rí.

Ẹ sì wo bí ìgò ṣe tóbi tó, ọkọ Àbẹ̀kẹ́. A kì í fi bọ́ńdù wé ọ̀pá mẹ́ta. Ti Pánṣẹ́kẹ́, ẹ pín in sí 10cl méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ₦11,700 lọ díẹ̀. Ti Èkó jẹ́ mẹ́wàá, ₦10,500 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọn kò pè ní ẹ̀dínwó ló rọjú jù, ìyẹn bí ohun inú rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́.

Ọmọ Lísàbi

Macallan ti Kútọ̀ yẹn, ẹ sá fún un. Lókè òkun gan-an, Macallan 18 ju 300 dọ́là lọ. Ẹni tó ń tà á ní ₦95,000, bí kò bá jí i, á jẹ́ pé ó ṣe é fúnra rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ìgò jẹ́ ojúlówó, lébẹ́ẹ̀lì jẹ́ ojúlówó, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni n kò mọ̀ títí dòní. Ẹ̀gbọ́n mi fi ahọ́n kàn án, wọ́n ní ṣé ṣúgà jíjó ni mo dà sínú ògógóró. Òde àríyá ni wọ́n ti ń kó àwọn ìgò yẹn. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, tí olórin ń palẹ̀ mọ́, ẹ wo àwọn tó ń yí po tábìlì ọlọ́lá, wọn kò wo ti bíà rárá. Láti ọjọ́ náà, ìgò tó bá tán nílé wa, mo máa ń ha lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kúrò kó tó jáde.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Báwo ni mo ṣe máa wá mọ ojúlówó kí n tó sanwó?

Bàbá Oníbáà

Ẹ fọwọ́ tọ́ ọrùn ìgò. Ohun tó dì mọ́ ìdérí kò gbọdọ̀ yẹ̀, kò gbọdọ̀ ní àpá gọ́ọ̀mù. Ẹ wá àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò nísàlẹ̀: bí ẹnìkan bá ti ha á, ẹ dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìgò kejì irú kan náà wá, kí ẹ wo bóyá ọtí inú wọn dọ́gba lọ́rùn. Láti 2012, òfin ti kan án nípá pé Scotland ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti rọ single malt Scotch sínú ìgò, nítorí náà bí lébẹ́ẹ̀lì bá dárúkọ ibòmíràn, ẹ rìn. Èyí tó bá gba ọ̀nà òfin wọ Nàìjíríà sì yẹ kó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ti arábìnrin Èkó lè má ní in bó bá jẹ́ pé inú báàgì arìnrìn-àjò ló ti wá, ìyẹn nìkan kò sọ pé ayédèrú ni, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ẹni dì mú.

Ìyá Láfẹ́nwá

Ẹ ti ṣírò owó, ẹ ti yẹ ìgò wò, kò tíì sẹ́ni tó bèèrè ohun tí bàbá fẹ́ràn. Ọkọ mi ń mu ún, mo mọ ohun tí mò ń wí. Glenfiddich àti Glenlivet, agbègbè Speyside ní Scotland ni wọ́n ti wá, wọ́n rọ̀ lẹ́nu, wọ́n ń ta sánsán bí èso. Àwọn ti erékùṣù Islay, bíi Laphroaig àti Lagavulin, èéfín ni. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n fi ń dáná sábẹ́ báálì, òórùn rẹ̀ kò sì ń kúrò níbẹ̀ mọ́, bí ẹni gbé imú sórí àrọ̀ ẹlẹ́ja. Ẹni tó ń mu ọ̀kan lè má fẹ́ rí èkejì sójú. Ẹ rán ìyàwó yín lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù bàbá.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Ó ti lọ. Talisker 10 ni, ìgò òfìfo méjì. Ìyá ti rọ epo pupa sínú ọ̀kan.

Bàbá Oníbáà

Háà! Erékùṣù Skye ni ìyẹn. Èéfín wà níbẹ̀ níwọ̀nba, iyọ̀ òkun díẹ̀, ata sì ń tẹ̀lé e lọ́fun. 45.8% ni agbára rẹ̀, ti Glenfiddich àti Glenlivet yín jẹ́ 40%. Bàbá kò ní ro ti Speyside sí ọtí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "12 ju 10 lọ" rẹ́ yín jẹ, ilé ìpọntí méjì kì í pín ọjọ́ orí.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Mo ti rà á. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Ìléwó ní Talisker 10, 70cl, ₦98,000, kò sí ìlà pupa kankan. Arábìnrin Èkó ní tirẹ̀ á jẹ́ ₦96,000, n óò tún san ₦4,500 fún ọkọ̀. Mo yẹ nọ́ńbà wò, mo fọwọ́ tọ́ ọrùn ìgò títí ọlọ́jà fi ń bínú. ₦22,000 ló ṣẹ́kù, ìyàwó mi ti gbà á.

Ọmọ Lísàbi

Ẹ ṣé. Ẹ tètè gba ìgò òfìfo kejì lọ́wọ́ ìyá kí oníìgò tó débẹ̀.

Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Wọ́n ní òróró ló kàn nínú ìyẹn. Wọ́n tún bi mí ìgbà tí tuntun máa tán.