Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti parí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀

Ìyá Aláṣọ, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín. Ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún mi, dókítà sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi lọ. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, àtàǹpàkò mi á máa tọ ojú àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí n óò máa wá kókó kiri. Bí mo bá mẹ́nu bà á ní ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, wọn á ní kí n má fi ẹnu ara mi pè é, pé Ọlọ́run ti ṣe é. Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ṣe é. Ṣé àìnígbàgbọ́ ló wá ń dààmú mi ni, àbí ó ń ṣe àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Àkúrẹ́, California

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá. Ìbẹ̀rù pé àrùn náà lè padà wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó la jẹjẹrẹ já. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń tọ́jú níbí jẹ́ obìnrin tó ń sọ èdè Sípéènì, tí àwọn tàbí òbí wọn wá láti Mẹ́síkò tàbí El Salvador, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ni jẹjẹrẹ tó ń pa irú wọn jù lọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, "aguantar", tí kò jìnnà sí "fara dà á" tiwa: ìyá gbọ́dọ̀ mú un mọ́ra, kí omijé rẹ̀ má baà kó ìpayà bá ilé. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, ọmọ rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe ògbufọ̀ fún un níwájú dókítà. Báwo ni yóò ṣe gba ẹnu ọmọ náà sọ pé ẹ̀rù ikú ń ba òun?

Ètò kan wà níbí tí ń jẹ́ Nuevo Amanecer, ìyẹn Ojúmọ́ Tuntun. Àwọn obìnrin tó ti la jẹjẹrẹ ọyàn já ni wọ́n kọ́ láti máa jókòó ti ẹlòmíràn, ní èdè tí wọ́n jọ ń sọ, fún ọ̀sẹ̀ 8. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àwọn tí wọ́n jókòó tì dín kù.

Ọmọ Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́: ìyàwó gómìnà wa àná, Betty Anyanwu-Akeredolu, la jẹjẹrẹ ọyàn já, ó sì dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọyàn ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1997; kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ẹ wá irú wọn rí. Àìjẹun àti àìsùn yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bí ẹ ó ṣe sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dùn yín, nítorí ìyẹn náà wà lára ìtọ́jú.

Ìyá Aláṣọ, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ àti àbúrò mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àyẹ̀wò mi. Lálẹ́ àná, ọmọbìnrin mi bá mi níbi tí mo ti gbé ẹ̀bà síwájú tí n kò fọwọ́ kàn án, mo sì sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí. Kò ní kí n má fi ẹnu mi pè é. Ó fa àpótí jókòó tì mí, ó sì béèrè aago tí a ó kúrò nílé.